Òpìtàn, Oníṣègùn àti Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì ní Ìdíkàn

Ó wọ́pọ̀ kí ènìyàn máa pe ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìmọ̀ tí ó jinlẹ̀ ní onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Bẹ́ẹ̀ alágbẹ̀dẹ mọ̀ nípa irin, oníṣègùn mọ̀ nípa ara, òpìtàn sì mọ̀ nípa àná. Ọ̀nà tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń gbà ṣe ìwádìí ni a fi ń dá a mọ̀ láàrin wọn. Ìwádìí kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìdíkàn ní 1992 fi èyí hàn kedere. Àdúgbò Ìbàdàn àtijọ́ ni Ìdíkàn, gẹ́gẹ́ bí Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Máàpó àti Bẹyẹrúnkà ti jẹ́, níbi tí àgbàlagbà ti ń gbé inú agbo ilé pẹ̀lú ọmọ àti ọmọ ọmọ.

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni Yorùbá ti mọ̀ pé iyè àgbàlagbà lè rà. Wọn a ní ó ń ṣarán. Àwọn kan gbà pé ogbó ni ó fà á. Àwọn mìíràn a fura sí ayé. Nígbà mìíràn ẹ̀sùn àjẹ́ a já lé orí arúgbó obìnrin tí kò mọ ohun tí ó ń sọ mọ́. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ọgbọ́n ta ni a ó wá lò láti mọ̀ bóyá ogbó ni tàbí àìsàn?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun (1935–1995), ọmọ Òkèmẹ̀sí, tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú ìmọ̀ àrùn ọpọlọ ní Yunifásítì Ìbàdàn, jẹ́ oníṣègùn àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì pa pọ̀. Iṣẹ́ oníṣègùn ni kí ó wo ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ sàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá gbé wá sí ilé ìwòsàn nìkan ni dókítà ń rí. Bí kò bá rí aláìsàn ìgbàgbé ní UCH, kò túmọ̀ sí pé kò sí irú wọn nínú ìlú. Nítorí náà, òun àti Adéṣọlá Ògúnníyì pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn jáde lọ sí ojúlé. Hugh Hendrie àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà, láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n kó baba ńlá wọn lẹ́rú láti Áfíríkà. Ẹni 2,494 tí ó ti pé ọdún 65 ni wọ́n yẹ̀ wò ní Ìbàdàn, àti ẹni 2,212 ní Indianapolis. Ìran wọn súnmọ́ra, ibùgbé wọn jìnnà síra. Èyí ni ó mú kí ìfiwéra náà wúlò.

Ìṣòro kan kọ́kọ́ yọjú: ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kò ní àkọsílẹ̀ ọjọ́ ìbí. Níhìn-ín ni ìmọ̀ ìtàn ti wúlò. Ajayi àti Igun ti ṣe àkójọ àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ pàtàkì ní 1963, tí a fi lè ṣírò ọjọ́ orí. Irú àmì bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú ìtàn Ìbàdàn: rélùwéè dé ìlú náà ní 1901, àjàkálẹ̀ àrùn tí wọ́n ń pè ní lúkúlúkú jà ní 1918, wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Máàpó ní 1929. Òpìtàn ń wá ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo àti ìdí rẹ̀. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gba ìtàn náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bi í pé: báwo ni òṣùwọ̀n yìí ti ṣeé gbára lé tó? Ògúnníyì àti Ọ̀ṣúntókun dán àkójọ náà wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1993.

Ọ̀rọ̀ èdè náà kò kéré. Wọ́n túmọ̀ ìbéèrè wọn sí Yorùbá, wọ́n sì tún túmọ̀ rẹ̀ padà sí Gẹ̀ẹ́sì, láti rí i pé ohun kan náà ni wọ́n ń bi ará Ìdíkàn àti ará Indianapolis. Lẹ́yìn èyí, àwọn dókítà yẹ gbogbo ẹni tí kò dáhùn dáadáa wò, àti púpọ̀ nínú àwọn tí ìdáhùn wọn wà ní agbede méjì. Wọ́n tún yẹ díẹ̀ wò nínú àwọn tí ó dáhùn dáadáa. Kí ni ti ẹni tí ara rẹ̀ dá? Ìdí ni pé wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ìbéèrè àwọn fúnra wọn ti fo aláìsàn kan dá. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ wá ibi tí òun ti lè ṣìnà.

Ní 1995 ni àbájáde jáde. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ro ti ọjọ́ orí mọ́ ọn, àìsàn ìgbàgbé mú 2.29 nínú ọgọ́rùn-ún ní Ìbàdàn. Ní Indianapolis, pẹ̀lú àwọn tí ó wà ní ilé ìtọ́jú arúgbó, ó jẹ́ 8.24. Ẹlòmíràn ì bá ti máa yangàn. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá ń tètè kú ní Ìbàdàn, díẹ̀ ni ẹni tí ó ń kà wọ́n yóò bá láyé. Nítorí náà wọ́n tẹ̀ lé àwọn tí ara wọ́n dá fún nǹkan bí ọdún márùn-ún, wọ́n ń ka ẹni tí àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú. Ní 2001 wọ́n kéde rẹ̀: 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún ní Ìbàdàn, 3.24 ní Indianapolis. Ìyàtọ̀ náà dúró.

Ohun mìíràn kò dúró. Ní 1995 kan náà, Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ pé àbùdá àjogúnbá tí wọ́n ń pè ní APOE e4, tí ó ń dá kún àìsàn Alzheimer níbòmíràn, kò ní ìbátan pẹ̀lú rẹ̀ láàrin àwọn àgbàlagbà Nàìjíríà. Nígbà tí iye ẹni tí wọ́n yẹ̀ wò pọ̀ sí i, àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ kọ ọ́ ní 2014 pé ewu wà fún Yorùbá tí ó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ baba àti ìyá. Orúkọ ọ̀gá kò dí ẹ̀rí lọ́wọ́.

Bí ó bá jẹ́ pé ogbó ni ó ń mú iyè rà, gbogbo ẹni tí ó gbó ni ì bá ṣarán. Ṣùgbọ́n ó ju àádọ́rùn-ún lọ nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà Ìdíkàn tí kò ní i. Àìsàn ni, ó sì mú àwọn díẹ̀. Ìtọ́jú ni ó tọ́ sí àgbà tí ó bá mú. Ẹ̀sùn kò tọ́ sí i.