Kòkòrò tó dúró de orúkọ fún ọdún 182

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1832, Charles Darwin mú kòkòrò kan ní Bahía Blanca, ní ilẹ̀ Ajẹntínà. Ó kó o lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di ará ilé ìkó-nǹkan-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Lọ́ńdọ̀nù, láìní orúkọ. Nígbà tó yá, wọ́n kà á sí ohun tó sọnù. Ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 2014, tó bọ́ sí ọjọ́ ìbí Darwin, ni Stylianos Chatzimanolis tẹ àpèjúwe rẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà ZooKeys. Ó sọ ọ́ ní Darwinilus sedarisi.

Ara ẹbí Staphylinidae ni, èyí tí a ń pè ní staphylin lédè Faransé. Ẹ̀yà wọn tó ti lórúkọ ju 60,000 lọ. Ìyẹ́ líle ẹ̀yìn wọn kúrú, kì í bo ikùn wọn tán.

Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Chatzimanolis kọ́kọ́ fi kòkòrò náà wé àwọn tó jọ ọ́. Kò bá ìdílé kankan mu, ló fi dá ìdílé tuntun sílẹ̀ fún un. Lónìí, òfin àwọn onímọ̀ ẹranko ní kí asọlórúkọ kọ ohun tó mú ẹ̀yà tuntun yàtọ̀, kí ó sì tọ́ka sí òkú kòkòrò tí orúkọ náà so mọ́, kí ẹlòmíì lè lọ fojú ara rẹ̀ wò ó. Ti Darwin ni ó yàn. Ẹyọ kan ṣoṣo mìíràn tó tún rí wà ní Berlin. Ajẹntínà kan náà ni wọ́n ti mú un wá.

Kí ló kàn mí, èmi tí mò ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè? Ní Kétu, ìyá àgbà kan sọ orúkọ kòkòrò inú oko kan fún mi. Mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, mo fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ náà, mo kọ «insecte» síwájú rẹ̀, mo sì kọjá lọ. Nígbà tí mo padà lọ, ìyá ti di olóògbé. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò mọ ọ̀rọ̀ náà.

Kòkòrò Darwin ní ara, kò lórúkọ. Ó ṣeé dúró dè. Tèmi lórúkọ, kò ní ara mọ́. Láti ìgbà náà, n kì í kọ orúkọ kòkòrò kankan sílẹ̀ láìbẹ olóhùn pé kí ó mú mi dé ibi tí ó wà.