Etí Ọba àti Àkọsílẹ̀ Ìpè

“Etí ọba nílé, etí ọba lóko, èèyàn ní ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.” Ìtumọ̀ òwe yìí kò ta kókó: ọba kì í fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohun tó ń lọ nílùú, àwọn kan ló ń gbọ́ ọ bá a. Láyé Ọ̀yọ́ àtijọ́, ajẹ́lẹ̀ wà lára wọn ní àwọn ìlú tó ń sìnlẹ̀. Lóde òní, fóònù ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà ṣe.

Èrò ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé bí ẹnikẹ́ni kò bá ti gbọ́ ohun tí wọ́n sọ lórí fóònù, àṣírí wọn bò. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Nǹkan méjì ló wà nínú ìpè kọ̀ọ̀kan. Èkíní ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Èkejì ni àkọsílẹ̀ ìpè: nọ́ńbà tó pe, nọ́ńbà tí wọ́n pè, àkókò, iye ìṣẹ́jú, àti òpó tó gbé ìpè náà. Àkọsílẹ̀ yìí ni ilé-iṣẹ́ fóònù fi ń ṣírò owó, nítorí náà kò lè ṣe kó má tọ́jú rẹ̀.

Èkejì yìí gan-an ló ń tú èèyàn fó. Kí ẹnì kan pe ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú jẹjẹrẹ ní aago 9 àárọ̀, kó lo ìṣẹ́jú 20, kó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó wá pe lọ́yà lọ́sàn-án: ta ni kò ní fura sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i? Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lè purọ́, ó sì lè fi ẹnà sọ ọ́. Òpó fóònù kò mọ ẹnà. Ibi tí fóònù wà ló ń kọ sílẹ̀.

Ní oṣù kẹfà 2013, Edward Snowden tú u síta pé àjọ NSA ti Amẹ́ríkà ń gba àkọsílẹ̀ ìpè àràádọ́ta ọ̀kẹ́ èèyàn lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Verizon. Ìjọba fèsì pé kò sẹ́ni tó ń tẹ́tí sí ìpè wọn. Òótọ́ lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bi ìjọba kọ́ nìyẹn. Ní 2014, ilé-ẹjọ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù wọ́gi lé òfin 2006 tó ní kí wọ́n máa tọ́jú àkọsílẹ̀ tọmọdé-tàgbà fún oṣù 6 sí ọdún 2. Ní 2018, nínú ẹjọ́ Carpenter, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà dá a, adájọ́ 5 sí 4, pé ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ gba àṣẹ adájọ́ kó tó gba irú àkọsílẹ̀ ìrìn fóònù tí wọ́n gbà lórí Carpenter, èyí tó tó ọjọ́ 127.

Ní Nàìjíríà, abala 37 ìwé òfin 1999 dáàbò bo ilé, lẹ́tà àti ìpè aráàlú. Ṣùgbọ́n òfin ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ní 2015, ya nǹkan méjèèjì sọ́tọ̀. Lábẹ́ abala 39, adájọ́ ló ń pàṣẹ kí wọ́n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Abala 38 ní kí ilé-iṣẹ́ tọ́jú àkọsílẹ̀ fún ọdún 2, kó sì kó o fún agbófinró tó bá béèrè. Ó rán wọn létí ẹ̀tọ́ aráàlú, àmọ́ kò ní kí wọ́n kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ adájọ́.

Àwọn tó wà lẹ́yìn ìjọba kò ṣàìní ẹ̀rí. Àwọn ajínigbé ń fi fóònù béèrè owó, àkọsílẹ̀ ìpè ni wọ́n sì fi ń tọpa wọn. Ààbò ìlú ni ìjọba tọ́ka sí nígbà tó ní kí wọ́n so káàdì SIM mọ́ NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, ní oṣù kejìlá 2020. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́pàá bá béèrè àkọsílẹ̀ ìpè ajínigbé, adájọ́ wo ni yóò kọ̀? Agbófinró tó fẹ́ mọ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń pè, tàbí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún oníròyìn, ni adájọ́ yóò dí lọ́nà.

Òwe náà kúkú ti sọ ọ́ pé èèyàn ní ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kì í dédé tú àkọsílẹ̀ síta: ẹnì kan ló ń béèrè, ẹlòmíì ló ń kó o fún un. Àwọn wọ̀nyí ló yẹ kí òfin dì mú. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu bá ń fẹ́ àṣẹ adájọ́, àkọsílẹ̀ tó ń sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ kò gbọ́dọ̀ ní ààbò tó kéré sí i.