Ta Ni Ó Po Chapman?

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí kì í ṣe ti ogun, kì í ṣe ti ọba. Ìtàn ohun mímu kan ni, ohun mímu pupa tó ń hó, tí wọ́n ń gbé fún wa nínú ife ńlá níbi ìnáwó. Chapman ni orúkọ rẹ̀. Ní Malete níbí, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kwara State University ti pọ̀, ó ṣòro kí a tó rí ọ̀dọ́ tí kò tíì tọ́ ọ wò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi wọ́n pé ta ni ó kọ́kọ́ pò ó, ọ̀pọ̀ yóò dáhùn pé òyìnbó kan tó ń jẹ́ Chapman ni. Èrò tèmi ni pé bẹ́ẹ̀ kọ́, àti pé ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀rọ̀ ohun mímu lọ.

Kí ìtàn náà tó yé wa, ó yẹ kí a mọ ohun tó wà nínú ife. Yìnyín ni agbọ́tí ń kọ́kọ́ kó sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò da oje èso pupa tó dùn tó sì ki lé e, bóyá grenadine tàbí Ribena. Yóò kán Angostura, oje kíkorò inú ìgò kékeré kan, sí i ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà náà ni Fanta àti Sprite yóò wọlé ní ìwọ̀n kan náà. Ó ní láti rọra dà wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ife, nítorí bí ó bá dà wọ́n gììrì, afẹ́fẹ́ tó ń mú wọn hó yóò sá lọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni yóò rò ó pọ̀. Ní ìkẹyìn, yóò fi kùkúńbà àti ọsàn wẹ́wẹ́ tí a gé pẹlẹbẹ sí i, yóò sì gbé e fún oníbàárà lójú ẹsẹ̀. Chapman tí a pò kalẹ̀ láti àárọ̀ kì í ṣe Chapman mọ́. Omi ṣúgà lásán ni. Nítorí náà, iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, kì í ṣe pé a kàn da ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì pọ̀.

Ìtàn tó tàn kálẹ̀ jù lọ sọ pé Ikoyi Club ní ìlú Èkó ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é. Agbọ́tí kan tó ń jẹ́ Sam Alamutu ni ó pò ó. Oníbàárà kan tó ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Chapman ni ó pò ó fún. Oníbàárà náà mu ún, ó gbádùn rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì di orúkọ ohun mímu náà títí dòní. Ẹ wò ó dáadáa: ẹni tó mu ún ni à ń pe orúkọ rẹ̀ ní gbogbo òde ìnáwó. Ẹni tó ronú kàn án, tó wọ̀n ọ́n, tó sì pò ó ni a gbàgbé.

Èyí kò ṣàdéédé rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1938 ni wọ́n dá Ikoyi Club sílẹ̀, ọdún náà sì wà lára orúkọ rẹ̀ di òní. Àwọn òyìnbó ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, bí ènìyàn dúdú bá wọ ibẹ̀, iṣẹ́ ni ó bá wọlé: ó ń se oúnjẹ, ó ń gbé ife, ó ń gbálẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó ní ibi ìgbafẹ́ tiwọn. Yoruba Tennis Club ti wà láti ọdún 1926. Island Club, níbi tí dúdú àti funfun ti lè jókòó pọ̀, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1943.

Ní ọdún 1947, ọ̀rọ̀ náà bú jáde. Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Sierra Leone, dé sí Bristol Hotel ní Èkó. Nígbà tí wọ́n rí i pé aláwọ̀ dúdú ni, wọ́n kọ̀, wọn kò fún un ní yàrá. Ariwo ta káàkiri ìlú, àwọn ìwé ìròyìn sì gbé e. Nínú ọdún yẹn gan-an ni Gómìnà Arthur Richards pàṣẹ pé kí wọ́n jáwọ́ nínú irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mẹ́nu ba èyí kí a lè mọ irú ayé tí àwọn agbọ́tí wa ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ayé kan ni tí ọwọ́ dúdú lè po ohun mímu, ṣùgbọ́n tí ẹnu dúdú kò lè jókòó mu ún.

Ṣé ọdún 1938 yẹn náà ni wọ́n wá ti po Chapman bí? Níbí ni ìgò ti lè jẹ́rìí fún wa. Ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti ṣe Fanta ní ọdún 1940, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nítorí pé ohun tí wọ́n fi ń ṣe Coca-Cola kò ráyè wọ ibẹ̀ mọ́. Fanta ọlọ́sàn tí a mọ̀ kò jáde títí di ọdún 1955 ní ìlú Naples, ní Ítálì. Ọdún 1961 ni Sprite dé ọjà Amẹ́ríkà pẹ̀lú orúkọ yẹn. Ní Nàìjíríà, ọdún 1951 ni wọ́n dá Nigerian Bottling Company sílẹ̀, ọdún 1953 ni ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ Coca-Cola sínú ìgò. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, Chapman alá-Fanta àti Sprite tí à ń mu lónìí kò lè dàgbà ju àsìkò òmìnira lọ. Bí wọ́n bá ti ń po ohun kan ṣáájú ìgbà náà, omi ọsàn mìíràn ni wọ́n fi pò ó.

Angostura nìkan ni ó dàgbà ju gbogbo wọn lọ. Dókítà ará Jámánì kan, Johann Siegert, tó ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun Simón Bolívar ní Venezuela, ni ó ṣe é ní ọdún 1824 gẹ́gẹ́ bí oògùn inú rírun. Ìlú tí ó ti ṣe é ni ó fi sọ ọ́. Ní ọdún 1875, iṣẹ́ náà kó lọ sí Trinidad, ibẹ̀ ni ó sì wà dòní. Àwọn ọ̀gá ọmọ ogun orí omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń kán an sínú jíìnì. Ẹ kò rí i pé ìtàn ilẹ̀ púpọ̀ ni ó wà nínú ife kan!

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé ti Ítálì. Ní ìlú Venice, Giuseppe Cipriani ṣí ilé ọtí kan tó ń jẹ́ Harry's Bar ní ọdún 1931. Ibẹ̀ ni ó ti lọ èso píìṣì, tó sì pò ó mọ́ wáìnì tó ń hó. Ó pe ohun mímu náà ní Bellini, orúkọ ayàwòrán àtijọ́ kan. Òun náà kò fi orúkọ ara rẹ̀ pè é, ṣùgbọ́n gbogbo ayé mọ̀ pé òun ni ó ṣe é. Ilé ọtí náà jẹ́ tirẹ̀, wọ́n sì kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 2001, ìjọba Ítálì sọ ilé náà di ohun àjogúnbá. Ohun tó ya Cipriani sọ́tọ̀ kì í ṣe pé ó gbọ́n ju Alamutu lọ. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni ẹni tó ni ilé àti ẹni tó mú gègé.

Àbúrò màmá mi máa ń po ohun mímu fún àwọn tó ń ṣe ìnáwó ní Malete àti Ìlọrin. Mo bá a po Chapman lọ́jọ́ kan tí wọ́n pè é sí yìgì. Kò lo grenadine rárá. Ìṣápá pupa tí a sè, èyí tí a ń pè ní zobo, ni ó fi sọ ọ́ di pupa. Mo bi í léèrè pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ kò kán Angostura sí i?"

Wọ́n ní, "Ọtí líle ni ó pọ̀ nínú ìgò yẹn. Yìgì sì ni wọ́n pè mí sí. Ẹni tó bá na ọwọ́ gba ife lọ́wọ́ mi ti fọkàn tán mi. Ṣé kí n wá dalẹ̀ rẹ̀ ni?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ, nítorí ọtí inú Angostura tó ìdá 44.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Atalẹ̀ àti èèpo ọsàn ni wọ́n fi dípò rẹ̀, kí ó lè ta sánsán díẹ̀ lẹ́nu. Nígbà tí mo sọ ìtàn Alamutu fún wọn, wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ wa ni? Èmi rò pé òyìnbó yẹn ló ṣe é ni o." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Wọn ò kọ orúkọ tèmi náà sí káàdì ìnáwó kankan rí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó jẹ́ kí n mọ̀ pé ìtàn Ikoyi kò tíì parí. Chapman tí Àǹtí ń pò kì í ṣe ti Ikoyi mọ́. Ó ti bá ẹ̀sìn wa mu, ó sì ti gba ìṣápá ọjà wa mọ́ra. Àrà tuntun ni, ṣùgbọ́n àwọn tó ń dá a kò lórúkọ. Nínú ìwé The Palm-Wine Drinkard tí Amos Tutuola kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1952, nígbà tí ẹni tó ń dá ẹmu fún ọ̀mu kan kú, ọ̀mu náà wá a lọ títí dé ìlú àwọn òkú. Ó mọ̀ pé láìsí ẹni tó ń dá a, kò sí ẹmu. Àwa kò tilẹ̀ ní láti rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó po tiwa ṣì wà nídìí tábìlì.

Ní àkótán, mo rọ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí: bí a bá lọ sí òde ìnáwó, kí a bi ẹni tó po ohun mímu àti ẹni tó se oúnjẹ léèrè orúkọ wọn. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti ìlú. Bí a bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa kò ní máa wá orúkọ olóore wọn nínú àrọ́bá nìkan. Yinniyinni, kẹ́ni ó lè ṣe mìíràn.