Ìrìn Àìsàn àti Àmì Rẹ̀: Ọgbọ́n Tó Ń Dínkù Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ibùsùn Aláìsàn

Ẹ̀kọ́ nípa àìsàn ní apá méjì tí kò yẹ kó pínyà. Apá kìíní ni mímọ ọ̀nà tí àìsàn ń gbà ba ara jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìkejì ni mímọ àwọn àmì tí ìbàjẹ́ náà ń gbé jáde, ìbáà jẹ́ èyí tí aláìsàn fẹnu ara rẹ̀ sọ, ìbáà jẹ́ èyí tí olùtọ́jú fojú rí, tó fọwọ́ bà, tàbí tó fetí gbọ́. Àròkọ yìí fẹ́ fi hàn pé ohun tó so apá méjèèjì pọ̀ ti ń tú. Ọ̀rọ̀ náà sì kan àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ nurse practitioner gbọ̀ngbọ̀n, ìyẹn nọ́ọ̀sì tó gba àṣẹ láti yẹ aláìsàn wò, láti sọ irú àìsàn tó ń ṣe é, àti láti kọ oògùn fún un.

Ẹ jẹ́ ká fi àárẹ̀ ọkàn (heart failure) ṣe àpẹẹrẹ. Nínú ìwádìí kan láti Abẹ́òkúta tó jáde ní 2014, ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa àìsàn yìí lára ohun tó lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò. Kì í sábà dé lójijì. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń ru fún ọ̀pọ̀ ọdún, iṣan apá òsì ọkàn yóò máa nípọn kó lè borí agbára tó dojú kọ ọ́. Bó pẹ́ bó yá, iṣan náà yóò le, kò ní lè gba ẹ̀jẹ̀ sínú bó ti yẹ mọ́; agbára tó fi ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde náà sì lè dínkù. Ẹ̀jẹ̀ yóò wá kóra jọ sẹ́yìn sínú ẹ̀dọ̀fóró, omi yóò sì máa jò sínú àwọn àpò afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Ìdí nìyí tí aláìsàn fi ń mí gúlegúle bó bá dùbúlẹ̀, tí ìrọ̀rí kan kò fi tó o mọ́. Bí apá ọ̀tún ọkàn bá tún rẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn yóò yọ síta, ẹsẹ̀ yóò sì wú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó lóye ìrìn yìí yóò béèrè iye ìrọ̀rí tí aláìsàn ń lò. Ẹni tó kàn há orúkọ àwọn àmì sórí lè ka ẹsẹ̀ wíwú sí àárẹ̀ iṣẹ́ òòjọ́.

Ní 1965, nọ́ọ̀sì Loretta Ford àti dókítà Henry Silver dá ẹ̀kọ́ nurse practitioner sílẹ̀ ní Yunifásítì Colorado ní Amẹ́ríkà, kí nọ́ọ̀sì lè máa tọ́jú àwọn ọmọdé níbi tí dókítà kò ti tó. Lónìí, ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni òpómúléró iṣẹ́ náà: bí àìsàn ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara, bí a ṣe ń yẹ ara wò, àti bí oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ohun mẹ́ta ló ń fa ìdínkù ọgbọ́n tó so ìmọ̀ ìrìn àìsàn pọ̀ mọ́ àmì rẹ̀. Èkíní wà nínú ìkọ́ni fúnra rẹ̀. Yàrá ọ̀tọ̀ àti olùkọ́ ọ̀tọ̀ ni ẹ̀kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábà máa ń ní, ìdánwò sì ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ yan ìdáhùn kan nínú mẹ́rin. Aláìsàn kì í gbé ìdáhùn mẹ́rin wá. Ìráhùn rẹ̀ nìkan ló ń gbé wá. Èkejì ni ẹ̀rọ. Nígbà tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti àwòrán inú ara bá yá ju ìbéèrè lọ, ìbéèrè ni a ń pa tì. Ẹ̀kẹta ni àìtó àkókò àti olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà tó jáde ní 2022 gbé wákàtí ìtọ́jú tí akẹ́kọ̀ọ́ nurse practitioner gbọ́dọ̀ ṣe láti 500 sí 750, èyí tó fi hàn pé àwọn alábòójútó náà gbà pé ti tẹ́lẹ̀ kò tó. Ní Nàìjíríà, níbi tí nọ́ọ̀sì ti lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí aláìsàn ń rí ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, ọ̀pọ̀ àwọn tó mọṣẹ́ dunjú ti lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun. Àwọn tó ṣẹ́ kù kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè fa akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́.

Ẹ̀rí ìdínkù náà wà. Ìwádìí tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1997 fi hàn pé àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ kò dá ju nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún mọ̀ nínú àwọn ìró ọkàn tí wọ́n gbọ́. Bí ọ̀rọ̀ dókítà bá rí báyìí, nọ́ọ̀sì tí àkókò ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ kúrú ju tiwọn lọ nílò ìṣọ́ra tó pọ̀ sí i. Ní 2008, àpilẹ̀kọ kan nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Ọsirélíà sọ pé iye èémí jẹ́ àmì tí àwọn olùtọ́jú sábà máa ń pa tì. Bẹ́ẹ̀, mímí tó yára ju ogún lọ ní ìṣẹ́jú kan wà lára àwọn àmì tó ń tètè fi hàn pé ara àgbàlagbà ń bàjẹ́ sí i, aago àti sùúrù nìkan ni a sì fi ń kà á.

Ẹ̀rọ kò lè dí àlàfo yìí pátápátá. Ní 2020, àwọn olùwádìí ní Michigan rí i pé ẹ̀rọ orí ìka tó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ lè sọ pé ọ́síjìn tó nígbà tí kò tó. Àṣìṣe yìí ṣẹlẹ̀ sí aláwọ̀ dúdú ní ìwọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Nọ́ọ̀sì tó mọ ohun tí àìtó ọ́síjìn ń ṣe fún ara kò ní dúró lórí nọ́ńbà náà nìkan. Yóò wo ahọ́n àti inú ètè, yóò ka èémí, yóò sì kíyè sí bóyá iyè aláìsàn ṣì já gaara.

Ọ̀nà àbáyọ kò ṣòro láti sọ: kí wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara tó gbé àmì kọ̀ọ̀kan jáde kó tó béèrè àyẹ̀wò. Ohun tó bani nínú jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìmọ̀ kò wọ́n wa. Aláìsàn lè sọ fún ilé ìwòsàn mẹ́ta pé òun kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó sì padà sílé láìsí ẹni tó gbọ́ ohun tí ọkàn rẹ̀ ń wí. Ẹni tó bá kú báyìí, ó ti sọ gbogbo ohun tó yẹ kó sọ. Àwa tó yẹ ká lóye rẹ̀ la jẹ ẹ́ ní gbèsè.