Máàpù Wà Lóde, Dátábéèsì Wà Nílé

Tí a bá ń sọ ìtàn dátábéèsì, E. F. Codd la máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Iléeṣẹ́ IBM ní California ló ń bá ṣiṣẹ́ ní ọdún 1970 tó kọ ọ́ pé kí a to dátà sínú àwọn àtẹ, kí a sì lè so àtẹ kan mọ́ òmíràn. Orúkọ, iye owó, ọjọ́ ìbí: gbogbo wọn wọ inú àtẹ wẹ́rẹ́. Ilẹ̀ ló ṣorí kunkun. Ààlà ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú àmì.

Ní 2001, Refractions Research ní ìlú Victoria, ní Kánádà, gbé PostGIS jáde. Látìgbà náà ni PostgreSQL ti lè dáhùn ìbéèrè bíi, ilé ìwòsàn wo ló sún mọ́ abúlé yìí jù? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ da máàpù náà kọ sínú dátábéèsì, àdàkọ kì í sì í mọ̀ pé ayé ti yí. Ẹni tó da ààlà àwọn ìpínlẹ̀ Nàìjíríà kọ ní 1990, Òṣogbo ṣì wà lábẹ́ Ọ̀yọ́ nínú tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìjọba dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní August 1991. Adó-Èkìtì náà, abẹ́ Oǹdó ló wà títí di October 1996. Ká ní irú àdàkọ bẹ́ẹ̀ la fi pín abẹ́rẹ́ àjẹsára ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́ o.

Ọ̀nà àbáyọ dé ní 2011, nígbà tí PostgreSQL 9.1 gba ohun tí a lè pè ní àtẹ àjèjì. Lójú ẹni tó ń béèrè, àtẹ ni bíi ti yòókù, àmọ́ ilé onílé ni dátà inú rẹ̀ wà. Ìgbà tí ẹ bá béèrè ni dátábéèsì á lọ wò ó níbẹ̀. Paul Ramsey, tó wà lára àwọn tó dá PostGIS sílẹ̀, wá kọ ogr_fdw. Ó gbé e lé GDAL, iṣẹ́ tí Frank Warmerdam bẹ̀rẹ̀, tó lè ka onírúurú fáìlì máàpù. Báyìí ni orúkọ aláìsàn tó wà nílé ṣe ń pàdé ààlà tó wà lóde, láìda nǹkankan kọ.

Owó rẹ̀ wà níbẹ̀ ṣá. Bí ẹ̀rọ onílé bá kú, ìbéèrè yín kú nìyẹn. Lójú tiwa, ààlà tí ìjọba lè yí padà ni kó wà lóde. Ohun tí a ń béèrè ní wákàtí wákàtí, ẹ dà á kọ, kí ẹ sì máa tún un kọ lálaalẹ́.

Ẹ tún ṣọ́ ìwọ̀n ilẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Minna ni ọ̀pọ̀ pláànù ilẹ̀ Nàìjíríà ń lò, WGS84 sì ni ti GPS fóònù. Nọ́ńbà kan náà kì í bọ́ sójú kan náà nínú méjèèjì. Bí ẹ ò bá sọ fún PostGIS èyí tó jẹ́ èwo, ilé Làmídì lè bọ́ sí àgbàlá Sùnmọ́nù.