Ìwé Ìrìnnà Ogúnléndé: Ẹ̀kọ́ Láti Orù-Ìjẹ̀bú

Ní òpin ọdún 1989, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Làìbéríà. Àwọn kan nínú àwọn tó sá àsálà dé Nàìjíríà, ìjọba sì fi wọ́n wọ̀ sí àgọ́ Orù-Ìjẹ̀bú ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Àwọn ará Sierra Leone náà bá wọn níbẹ̀ nígbà tí ogun tiwọn dé. Wọ́n rí ibi sùn, ṣùgbọ́n ìṣòro kan kù: ẹni tí ogun lé kúrò nílé láìmú ìwé lọ́wọ́, kí ni yóò fi kọjá ẹnubodè?

Ìbéèrè yìí ti wà ṣáájú wọn. Ní 1922, Fridtjof Nansen, ọmọ ilẹ̀ Norway, ṣètò ìwé kan fún àwọn ará Rọ́ṣíà tí ìjọba tuntun ti gba ẹ̀tọ́ ọmọ-ìlú lọ́wọ́ wọn. Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹni tó bá fi í jáde kò ní ìdánilójú pé orílẹ̀-èdè tó fún un yóò gbà á padà. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti 1951 ló tún èyí ṣe. Abala 28 rẹ̀ ní kí orílẹ̀-èdè tó gba ogúnléndé ní àlejò fún un ní ìwé ìrìnnà, kí ó sì gbà á padà níwọ̀n ìgbà tí ìwé náà kò bá tíì kú. Nàìjíríà darapọ̀ mọ́ àdéhùn náà ní 1967.

Ṣùgbọ́n òfin yìí ní ẹ̀gún nínú. Ẹni tó bá fi tinútinú padà sábẹ́ ààbò ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ lè pàdánù ipò ogúnléndé, gbígba páásípọ́ọ̀tù ìlú ẹni sì lè jẹ́ ẹ̀rí pé ó ti ṣe bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ páásípọ́ọ̀tù yìí gan-an ló ń ṣílẹ̀kùn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nípa àdéhùn ECOWAS ti 1979, ará Òsì ní ìpínlẹ̀ Kwara lè wọ Kútọnu láìgba físà fún 90 ọjọ́. Oníṣòwò ará Làìbéríà lè wọ Èkó bẹ́ẹ̀. Ọmọ ìyá rẹ̀ tó wà ní Orù kò lè gba irú ìwé náà láìfi ààbò rẹ̀ wewu.

Ogun parí ní Sierra Leone ní 2002, ó parí ní Làìbéríà ní 2003. Ilé làbọ̀ ìsinmi oko lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ti lò ju ọdún mẹ́wàá lọ níbí, wọ́n sì ti bímọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2007, ìjọba orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ECOWAS àti àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ogúnléndé tọwọ́ bọ̀wé ní Àbújá: kí ìjọba ìlú wọn fún wọn ní páásípọ́ọ̀tù, kí Nàìjíríà sì fún wọn ní ìwé ìgbélùú gẹ́gẹ́ bí ọmọ ECOWAS. Ẹni tó gbà á bọ́ orúkọ ogúnléndé sílẹ̀. Bí ìwé ìgbélùú rẹ̀ bá kú, òun ni yóò wá òmíràn bí àlejò èyíkéyìí.

Orí jíjẹ́ ọmọ ECOWAS ni ètò yìí dúró lé. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025, Mali, Burkina Faso àti Niger kúrò nínú ẹgbẹ́ náà. ECOWAS ní kí a ṣì máa tẹ́wọ́ gba páásípọ́ọ̀tù wọn ná. Ṣùgbọ́n bí ogun bá lé ará Niger wá síbí lọ́la, ọ̀nà tí àwọn ará Orù gbà kò dájú fún un. Ó yẹ kí àwọn ìjọba tọ́rọ̀ kàn jọ sọ ọ́ nísinsìnyí, kí ẹnikẹ́ni má baà tún gbé inú àgọ́ fún ọdún mẹ́wàá kí ó tó rí ìwé gbà.