Bí Ikú Gbajúmọ̀ Tó Pa Ara Rẹ̀ Ṣe Ń Ran Ará Ìlú

Bí gbajúmọ̀ kan bá pa ara rẹ̀, tí ìròyìn rẹ̀ sì gba ìgboro kan, iye àwọn ará ìlú tó ń gbẹ̀mí ara wọn sábà máa ń lọ sókè láàárín oṣù kan sí méjì. Àwọn onímọ̀ tó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ lọ́dún 2020 fi ìlọsókè náà sí nǹkan bí ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún.

David Phillips, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, ló pe ọ̀rọ̀ yìí ní ipa Werther lọ́dún 1974. Werther ni ọ̀dọ́kùnrin inú ìwé ìtàn tí Goethe kọ ní Jámánì lọ́dún 1774, tí ìfẹ́ já kulẹ̀, tó sì pa ara rẹ̀. Àwọn alákòóso ìlú Leipzig fòfin de ìwé náà kí àwọn òǹkàwé má bàa fara wé e, wọ́n sì tún fòfin de irú aṣọ tí Werther ń wọ̀, kóòtù búlúù àti wésíkóòtì yẹ́lò, nítorí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi ṣoge. Phillips ní tirẹ̀ jókòó ti ìwé ìròyìn New York Times ti ọdún 1947 sí 1968. Ó rí i pé bí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá ṣe pẹ́ tó lójú ewé iwájú ni ikú tó ń tẹ̀ lé e ṣe ń pọ̀ tó.

Lẹ́yìn ikú Robin Williams, aláwàdà inú fíìmù, ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, ikú irú èyí ní Amẹ́ríkà fi 1,841 ju iye tí wọ́n ń retí lọ títí ọdún fi parí. Kì í ṣe ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ni ìròyìn ń tì. Ẹni tí ìbànújẹ́ ti dè mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń rí ara rẹ̀ nínú olóògbé.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Kurt Cobain, olórin rọ́ọ̀kì, pa ara rẹ̀ ní Seattle lọ́dún 1994, ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù kò ṣẹlẹ̀. Níbi ìrántí rẹ̀, ohùn ìyàwó rẹ̀, Courtney Love, jáde látinú ẹ̀rọ: ó ń sunkún, ó sì ń bínú sí ohun tí ọkọ rẹ̀ ṣe. Kò sí ẹni tó lè gbọ́ ọ kó ní ikú náà gbayì. Àwọn tó ń tẹ ilé iṣẹ́ olùgbaninímọ̀ràn láago pọ̀ sí i, iye ikú kò sì fò sókè.

Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń rọ àwọn oníròyìn pé kí wọ́n má ṣe ṣàlàyé bí olóògbé ṣe ṣe é, kí wọ́n má sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru ohun kan ṣoṣo. Ní tiwa, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó bá ki “ikú yá ju ẹ̀sín” bọ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ti fi ikú ṣe akọni láìmọ̀.

Ọ̀rọ̀ gbajúmọ̀ tún lè dá ènìyàn dúró. Lọ́dún 2017, olórin ráàpù tó ń jẹ́ Logic kọrin nípa ẹni tó fẹ́ kú, tó pe fóònù, tó sì yè. Láàárín ọjọ́ 34 tí orin náà fi gbòde jù, ìpè sí àwọn olùgbaninímọ̀ràn fi bí 9,900 lé, ikú sì fi bí 245 dín. Nọ́ńbà fóònù wọn gan-an ló fi ṣe orúkọ orin náà.